Owó Tí A Fi Sí Oko: Ibi Tí Ẹ̀tọ́ Wà àti Ibi Tí Èlé Fara Pamọ́ Sí

 

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé lọ́wọ́, orí ọ̀rọ̀ tí àwọn ààfáà yàn fún mi ní ọdún yìí ni iṣẹ́ àgbẹ̀, àti bí ènìyàn ṣe lè fi owó sí i ní agbègbè wa yìí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé n kò mọ oko. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, Imẹ̀sí-Làsìgìdì ni wọ́n ti bí mi, abẹ́ igi kòkó bàbá mi ni mo ti mọ Fátíhà kí wọ́n tó mú mi lọ sí ilé kéwú, kí n tó wá lọ sí Yunifásítì. Ohun tí ó mú mi lọ́ra ni pé èmi gan-an ti ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní nítorí ìyẹn gan-an ni kí n fi sọ ọ́.

Ní ọdún 2019, àwọn ọ̀dọ́ kan nínú jàmáà wa ní Ìkẹ́rẹ́ mú ìwé pélébé kan wá bá mi. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ni ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní bí ènìyàn bá fi ₦100,000 sí oko àgbàdo àti ọgbà adìẹ àwọn, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà yóò gba ₦125,000. Àwòrán katakata wà níbẹ̀, àwòrán àgbẹ̀ tí ń rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ "halal" gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ náà bi mí pé, "Ààfáà, ṣé a lè ṣe é?" Mo wò ó fìrí. Mo rí i pé kì í ṣe ọtí, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Mo ní oko ni, kí ni oko ṣe? Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo tún sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn ìrun.

Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n san owó náà pé. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí: ẹni tí ó fi ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún sí i tún fi igba ẹgbẹ̀rún sí i, ó sì lọ pe àbúrò rẹ̀. Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ kó owó tí ó ń tọ́jú láti fi kan òrùlé ilé rẹ̀ lé e. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, wọ́n ní kí a mú sùúrù, àrùn ni ó fà á. Lẹ́yìn náà, wọn kò gbé fóònù mọ́. Títí di òní, ẹnì kankan nínú wa kò rí kọ́bọ̀. Ìyá yẹn kò bá mi jà rárá. Bí a bá pàdé, a ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ààfáà." Ìkíni yẹn wúwo fún mi ju èébú lọ.

Kì í ṣe jàmáà wa nìkan ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Láàrin ọdún 2016 sí 2020, irú ètò báyìí pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọn yóò gba owó lọ́wọ́ ará ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orúkọ oko, tí wọn yóò sì ṣèlérí èrè tí iye rẹ̀ ti wà lákọọ́lẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ní oko lóòótọ́, ọjà ni ó kọ̀ fún wọn. Àwọn kan kò ní ju àwòrán lọ, owó ẹni tí ó dé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san ti ẹni tí ó ṣáájú. Ní oṣù kìíní ọdún 2021 ni SEC, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò, tó gbé òfin jáde lórí gbígba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní irú ọ̀nà yìí. Nígbà tí ó di 2025, òfin tuntun jáde tí ó fi owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n sí ọrùn ẹni tí ó bá dá ètò owó èké sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàwé bí èmi kò yẹ kí ó dúró de SEC kí ó tó mọ̀. Ó ti wà nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú.

Kí ni ó yẹ kí n rí? Àléébù náà kò sí nínú àgbàdo, kò sí nínú adìẹ. Inú ₦25,000 yẹn ni ó wà. Bí o bá fi owó lé ẹnì kan lọ́wọ́, tí ó sì jẹ́ dandan kí ó dá a padà fún ọ pẹ̀lú iye kan lórí rẹ̀, bí oko ṣe, bí oko kò ṣe, o kò bá a dáko. O yá a lówó. Èyí tí ó lé lórí owó tí a yá ènìyàn, èlé ni, ríbà ni. Bí wọ́n bá fi ewé ẹ̀gẹ́ bò ó, èlé náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá láti Mẹ̀dínà. Àgbẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀. Sàhábà kan tí ń jẹ́ Ráfíù ọmọ Khadíj ròyìn bí wọ́n ṣe máa ń fi ilẹ̀ dáko kí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tó kọ̀ ọ́ fún wọn. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ yóò sọ pé ohun tí ó bá hù ní ẹ̀bá odò jẹ́ ti òun, kí alágbàro mú ti ibi yòókù. Nígbà mìíràn, ti ẹ̀bá odò yóò yè, ti ibi yòókù yóò kú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò yí padà. Ẹnì kan yóò jẹ, ẹnì kejì yóò wo ojú rẹ̀. Èyí ni Ànọ́bì kọ̀. Ẹ wá wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ní Kháíbárì ní ọdún keje Híjírà: ó fi ilẹ̀ náà àti ọ̀pẹ dábínù rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn Yéhúdì tí wọ́n wà níbẹ̀ kí wọ́n máa ro ó, kí wọ́n sì pín ohun tí ó bá jáde ní ìdajì-ìdajì. Kò sọ pé kí wọ́n máa kó ọgọ́rùn-ún àpò wá ní ọdọọdún. Ìdajì ni. Bí ó bá pọ̀, ó pọ̀ fún àwọn méjèèjì. Bí ó bá kéré, àwọn méjèèjì ni ebi pa.

Àwọn onímọ̀ jiyàn lórí ẹ̀ka rẹ̀ o, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ìmáàmù Málíkì tí àwa níhìn-ín ń tẹ̀lé gba pípín èso igi, tí a ń pè ní musáqáátì, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ yí fífi ilẹ̀ lásán gba oúnjẹ ká. Abú Hánífà kò fara mọ́ ọn, àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ méjì tí ó lókìkí jù, Abú Yúsúfù àti Muhammad, sì gbà á. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ wá ẹ̀rí oníkálukú. Ní ti oko kòkó tí igi ti wà nínú rẹ̀, ọ̀nà là fún wa.

Ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu pé a ti ń ṣe é tipẹ́ kí a tó mọ orúkọ rẹ̀ ní Lárúbáwá. Láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìsẹ̀ àti Emùrè, ọ̀pọ̀ oko kòkó ni ẹni tí ó ni ín ti darúgbó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó tàbí Àbújá. Ẹ̀bìrà, Ìgèdè tàbí Àgátú ni ó ń bá wọn tọ́jú oko náà, wọn yóò sì pín kòkó. Ní ọ̀pọ̀ ibi, olóko mú ìdá méjì nínú mẹ́ta, olùtọ́jú mú ìdá kan. Ní ilẹ̀ Gáná, wọ́n ní orúkọ fún un: ìdá kan nínú mẹ́ta ni abusa, ìdajì ni abunu. Mo rántí ọdún kan tí òjò kò dá láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, tí kòkó bàbá mi dúdú lórí igi. Àpò mẹ́ta péré ni wọ́n rí. Bàbá mi mú méjì, Ẹ̀bìrà tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ mú ẹyọ kan. Kò sí ẹni tí ó pe ẹnìkejì lólè. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà ṣì wà lóko wa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó sí irú oko bẹ́ẹ̀, kí ó ṣọ́ nǹkan díẹ̀. Kí ìpín jẹ́ ìdá tí gbogbo yín mọ̀: ìdajì, ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin. Kí ọdún tí àdéhùn yóò gbà ní iye. Kí ẹ sọ ẹni tí yóò ra oògùn kòkó, ẹni tí yóò ro oko, ẹni tí yóò gbé kòkó dé ọjà. Ohun tí yóò wà lórí ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí àdéhùn bá parí, bíi kànga, olóko ni ó ni ín lọ́rùn, ẹ má gbé e ka orí òṣìṣẹ́. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Súrátùl Bákárà pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀ kí a sì pe ẹlẹ́rìí sí i, àwa a máa ka áyà náà tán, a ó wá fi ẹnu lásán ṣe àdéhùn lábẹ́ igi ọsàn. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí, kí olórí ẹbí àti àwọn tí ó kù fọwọ́ sí i. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ẹbí ni yóò kọ́kọ́ bá ọ jà. Kí o sì béèrè bóyá igbó ọba ni. Àwọn kan ti gbin kòkó wọ inú igbó ọba tí ó wà ní Ìsẹ̀, níbi tí ìnàkí ṣì ń gbé. Ìjọba lè lé wọn jáde nígbàkigbà, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù sì ti ṣe òfin ní 2023 pé àwọn kò ní gba kòkó tí ó wá láti inú igbó tí wọ́n pa lẹ́yìn òpin ọdún 2020.

Ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oko tuntun, kí ó mọ̀ pé owó rẹ̀ yóò sùn. Bí a bá gbin kòkó ní mítà mẹ́ta sí mítà mẹ́ta, nǹkan bí igi 1,111 ni yóò wọ hẹ́kítà kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣíji bò ó. Yóò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Ní oko púpọ̀ ní Nàìjíríà, kílò 300 sí 400 lórí hẹ́kítà kan ni wọ́n ń rí lọ́dún, nítorí igi ti gbó, a kì í sì í wọ́n oògùn déédéé. Irúgbìn tuntun ti àwọn olùwádìí CRIN ní Ìdí-Ayùnrẹ́, Ìbàdàn, a máa yára so, ó sì ń so jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá tọ́jú rẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ ti ọdún tí ń bọ̀ kò yẹ kí ó wọ inú irú oko yìí. Ẹ̀gẹ́ ni ó yá, oṣù mẹ́wàá sí méjìlá ó ti tó wú, ṣùgbọ́n àrùn ẹ̀gẹ́ ni pé bí ó bá wọ́n lọ́dún yìí, gbogbo ayé ni yóò gbìn ín, nígbà tí ó bá di ọdún kejì, a kò ní rí ẹni tí yóò rà á.

Nígbà ayé bàbá mi, Bọ́ọ̀dù ni ó ń kéde iye tí wọn yóò ra kòkó. Láti ìgbà tí ìjọba ti pa Bọ́ọ̀dù rẹ́ ní 1986, ọjà ayé ni ó ń darí wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó dọ́là 3,000. Nítorí àrùn àti ojú ọjọ́ tí ó bà jẹ́ ní Gáná àti Kóòtù Difúà, tí àwọn méjèèjì ń mú jù ìdajì kòkó ayé jáde, ó kọjá dọ́là 11,000 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó sì kọjá 12,000 ní oṣù kejìlá. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já sí nǹkan bí ìdajì ìyẹn. Ọjà nìkan sì kọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 tí àwọn ajínigbé kó àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń ti Emùrè lọ sílé, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kò lè dé oko wọn fún ìgbà díẹ̀. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, ta ni ẹni tí yóò bọ́ síta tí yóò ní òun mọ iye gan-an tí oko òun yóò pa lóṣù mẹ́fà sí i?

Mo ní láti sọ nípa dógò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà yóò dun àwọn kan tí ó jókòó síhìn-ín. Bàbá kan nílò owó láti fi tọ́jú ìyàwó rẹ̀ ní ọsibítù. Aládùúgbò rẹ̀ yá a ní owó, ó sì gba oko kòkó rẹ̀ dógò. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó yá a lówó ni ó ń ká kòkó. Ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, gbogbo kòkó tí ó ti ká kò dín gbèsè kù, iye tí ó yá a ni ó ṣì ń béèrè. Àwọn baba wa ṣe é, àwọn Mùsùlùmí sì ń ṣe é di òní. Ẹ̀yin ará mi, ohun tí a gba dógò lórí owó tí a yá ènìyàn, ohun ìfọkàntán ni. Èso tí o jẹ lórí rẹ̀, èlé ni o jẹ. Bí o bá fẹ́ èso oko bàbá náà, wá bá a ṣe musáqáátì, kí o fún un ní ìpín tirẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́, yá a lówó, kí o gba iye tí o yá a. Èyí tí o bá ti ká, yọ iye rẹ̀ kúrò nínú gbèsè rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìṣirò rẹ̀ lè fi hàn pé o ti jẹ gbèsè tán tipẹ́, tí ó kù kí ìwọ fúnra rẹ san owó fún un.

Ó jọ èyí ni àwọn tí ń ra kòkó nígbà tí ó ṣì wà ní òdòdó. Ànọ́bì kọ̀ kí a ta èso kí dídára rẹ̀ tó hàn, nítorí bí Ọlọ́hun bá mú èso náà kúrò, kí ni o fi jẹ owó ọmọ ìyá rẹ? Ṣùgbọ́n a kò ní torí ìyẹn sọ pé àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ rí owó gbà ṣáájú ìkórè. Nígbà tí Ànọ́bì dé Mẹ̀dínà, ó bá wọn tí wọ́n ń san owó èso sílẹ̀ ní ọdún kan tàbí ọdún méjì ṣáájú. Kò dá wọn dúró. Ó ní kí ó jẹ́ lórí òṣùwọ̀n tí a mọ̀, ìwọ̀n tí a mọ̀, títí di àkókò tí a mọ̀. Èyí ni sálámù.

Mo máa ń fi gàrí ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ìyá kan ní Emùrè nílò owó ní oṣù kẹrin láti fi ra ẹ̀gẹ́ àti láti tún ẹ̀rọ ìlọgàrí rẹ̀ ṣe. Ìwọ san owó ogún àpò gàrí funfun tí ó gbẹ dáadáa fún un, àpò kọ̀ọ̀kan ní kílò 50, kí ó kó o fún ọ ní ọjà Ìkẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kejìlá. Gbogbo owó ni o gbọ́dọ̀ san nígbà àdéhùn, má san díẹ̀ kí o ní ìyókù di ìgbà tí ó bá dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbèsè lórí gbèsè ni. Má ṣe sọ pé kí ó jẹ́ ti oko báyìí tàbí ti ẹ̀gẹ́ orí ilẹ̀ báyìí, nítorí oko náà lè jó. Gàrí tí ó bá ti bá àpèjúwe mu, ibi yòówù tí ó ti rí i, ó ti san án. Iye tí o san lè dín sí ti ọjà oṣù kejìlá, èrè tìrẹ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé ọjà yóò já, tí ìwọ ni yóò pàdánù. Bí kò bá rí i kó, o lè mú sùúrù fún un tàbí kí o gba iye owó tí o san gan-an. O kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ẹ sì fi kílò wọ̀n ọ́n, ẹ dákun. Gbogbo wa mọ kóńgò tí wọ́n ti fi òkúta lu ìdí rẹ̀ wọnú.

Ní ti sàká, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀ nítorí pé a ti sọ ọ́ ní ọdún tí ó kọjá. Àgbàdo, ìrẹsì, ẹ̀wà àti irú wọn, bí ó bá ti tó wásíkì márùn-ún, tí í ṣe sáà 300, nǹkan bí kílò 650, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ti èyí tí òjò bomi rin, ìdá kan nínú ogún ni ti èyí tí a fi wàhálà bomi rin. Ọjọ́ ìkórè ni a ń yọ ọ́. Kòkó, iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò sí nínú rẹ̀ ní mássíhábù wa, owó tí a tà wọ́n ni a ó wò bí ó bá tó ìwọ̀n tí ó sì lo ọdún lọ́wọ́ ẹni. Bí ẹ̀yin mẹ́ta bá jọ dá oko àgbàdo, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ni a ó wọ̀n, kì í ṣe òkìtì.

Ní ọdún 2022, mo pe jàmáà wa jọ lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ Àìkú kan. Mo sọ fún wọn pé ohun tí mo sọ ní 2019 kò tọ́, mo sì ṣàlàyé ibi tí mo ti ṣì í. Bàbá àgbà kan ní ọ̀nà Ìsẹ̀ fẹ́ kí a bá òun gba oko kòkó òun tọ́jú fún ọdún mẹ́rin: ìdajì tirẹ̀, ìdajì tiwa àti ti ọkùnrin tí ó ń gbé inú oko náà. Owó oògùn, owó gígé ẹ̀ka àti owó ọkọ̀, àwa ni. A kọ ìwé mẹ́ta, a pe ẹlẹ́rìí.

Ìyá elélùbọ́ náà wà níbẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ààfáà, bí oko yìí bá jó nígbà ọyẹ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá, owó wa jó nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò dá a padà fún wa."

Ó dúró díẹ̀. Ó tú ìgbátí aṣọ rẹ̀, ó ka owó tí ó mú wá sí méjì, ó kó ìdajì kan lé orí tábìlì, ó sì so ìdajì kejì padà.